Ẹyẹ Tí Ó Gbọ́ Oríkì

Nígbà tí ẹyẹ náà la ẹnu tí ó sọ̀rọ̀, abọ́ ẹyìn ló wà lọ́wọ́ òsì Ìbíyẹmí, orí ìyá odídẹrẹ́ ló sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ lásán ni orí náà. Ìyẹ́ aláwọ̀ eérú ni wọ́n fi rán an, ike dúdú ni wọ́n sì fi ṣe àgógó rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àwọn ọmọ odídẹrẹ́ méjìlá inú àgọ́ yìí ti jáde nínú ẹyin, àgógó ike yẹn ló ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, òun nìkan ni wọ́n sì mọ̀ ní ìyá. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ìbọ̀wọ́, tó wọ ẹ̀wù ewé láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í sín, kò yàtọ̀ sí igi lójú wọn.

"Àwẹ̀ró," ni ẹyẹ náà wí. "Dìde o, jẹun o, ilẹ̀ ti mọ́."

Ohùn Ìbíyẹmí gan-an ni, tòun ti ọ̀fìnkìn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lóṣù náà lọ́hùn-ún.

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ju abọ́ sílẹ̀. Abọ́ irin ni, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo àgọ́ kan. Àwọn ẹyẹ mọ́kànlá yòókù fò lọ dì mọ́ àwọ̀n lókè. Ní àárín òrùlé, Etí yíjú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àgbọn lọ, iná àwọ̀ ewé ló sì máa ń tàn lára rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá gbọ́ ohun tí kò dá a lójú, iná náà a di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá gbọ́ ohùn èèyàn, a di pupa, tí ó bá sì ti di pupa, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Òfin kò gbà kí ẹyẹ tó mọ ohùn èèyàn wọ igbó: gbogbo ẹyẹ inú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ti di ti Ilé Ìwòran nìyẹn, wọn kò sì ní í fò kọjá òrùlé mọ́ títí ọlọ́jọ́ wọn yóò fi dé.

Ariwo abọ́ ti da ohun tí ó gbọ́ rú: iná náà di àwọ̀ ìyeyè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ìbíyẹmí kò mí. Ẹyẹ náà wo ìbọ̀wọ́, ó wo ewé, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọ tó ti ṣe ohun tí wọ́n rán an, tó wá ń retí kí wọ́n yìn ín. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló wà lára òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀. Òfin kò fún un ní orúkọ mìíràn.

Láti ẹ̀yìn àwọ̀n, ẹnì kan na ọwọ́ sí i: ìka méjì sí ètè, ìka kan sí ìta. Èdè ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ nínú ọgbà náà, ìtumọ̀ èyí sì ni pé kó máa bọ̀ ní ilé ọ̀rọ̀.

Ilé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ògiri mẹ́ta, ibẹ̀ nìkan sì ni òfin ti gbà kí èèyàn la ẹnu. Ẹni tó bá rò pé ìdákẹ́ kò nira, kó lọ gbìyànjú rẹ̀ láàárín ọmọ Yorùbá. Òṣìṣẹ́ méje ló ti sá kúrò ní ọgbà yìí láàárín ọdún méjì, kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún wọn. Wọ́n kàn ń pàdé ara wọn láàárọ̀ ni, wọn ò sì lè béèrè bóyá ilé jí dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ní oorun òun kì í dùn mọ́ nítorí rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.

Baba Ọláṣebìkan, olórí ọgbà, ẹni tó na ọwọ́ sí i, ti jókòó sórí àpótí kó tó dé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Tẹ́lẹ̀ rí, àtè ló fi ń mú ẹyẹ tà. Òfin mú un, ó ní kó yan ẹ̀wọ̀n tàbí kó wá fi ogún ọdún tọ́ ẹyẹ. Ogún ọdún náà ti pé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, baba ò lọ.

"Kí ló jábọ́?" ló bi í.

"Abọ́ ni, Baba. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Abọ́ ọ̀hún ló wá ní kí ẹnì kan dìde kó jẹun?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Kò sí ibi tó tún fẹ́ gbà.

"Etí ẹ̀rọ lè máa ṣiyèméjì," ni baba wí, "tèmi ò ṣiyèméjì. Ta ló ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

"Baba, ẹ ṣàánú mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi wà pẹ̀lú ẹ̀ ní yàrá aláìsàn ni. Kò sí Etí níbẹ̀. Ó ń kú lọ lójú mi. Kò jẹ, kò mu, ìyẹ́ ara ẹ̀ ti ń re dànù. Mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, mo nù ún, mo gbé e sáyà. Ẹnu mi ló kàn ṣí. Ta ló máa gbé ọmọ tó ń kú lọ sáyà tí ò ní kì í?"

"Ọmọ?"

"Ẹyẹ, Baba."

"Ó dáa. Tún un sọ, kí n mọ̀ bóyá o gbà á gbọ́."

Kò lè tún un sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, nígbà tó kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn, ẹyẹ náà la ojú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jẹun. Bí ẹ bá wà ní ipò rẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní dákẹ́.

Baba náà mi orí títí. "Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Àwọn àgbà ò tíì rí irú tiwa yìí, tó jẹ́ pé ẹnu èèyàn ló fẹ́ pa ẹyẹ. Ìwọ Ìbíyẹmí, mo ti rò pé ìwọ lo gbọ́n jù nínú wọn!"

Kò tíì parí èébú rẹ̀ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn. Ṣẹ́gilọlá ni, aṣọ́gbó àgbà láti Àjọ Aṣọ́ẹyẹ, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Kò yẹ kó dé títí di oṣù tó ń bọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí baba, ó kí Ìbíyẹmí, ó sì da nǹkan sórí tábìlì láti inú àpò kékeré kan. Òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ ni, mẹ́sàn-án.

"Láti ọgbà òdìkejì odò ni," ló wí. "Àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn pátá."

"Ta ló mú wọn?" ni baba béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Apèyẹ ni, Baba."

Ìbíyẹmí rọra fà sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹyẹ tí kò mọ Apèyẹ. Ẹ̀rọ ni, àwọn olè ló ń rán an wọ igbó. Ó ń léfòó láàárín igi láì pariwo, ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ó sì ń ju àwọ̀n bo ohunkóhun tó bá dá a lóhùn. Nílùú ńlá níbí àti lókè òkun, olówó tó ní ẹ̀rọ tó ń bá a fọ eyín pàápàá ṣì ń fẹ́ ẹyẹ tó máa kí àlejò rẹ̀ káàbọ̀.

"Ọ̀kan nínú wọn mọ 'ẹ káàárọ̀'," ni Ṣẹ́gilọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A ti wádìí ẹ̀. Ọkùnrin tó tọ́ wọn ò lè kọjá lára ohun ẹlẹ́mìí láàárọ̀ kó má kí i. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń fetí sí òun. Apèyẹ wá ń lọ káàkiri igbó, 'ẹ káàárọ̀, ẹ káàárọ̀'. Ọ̀kan yẹn dáhùn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e." Ó fi ìka kó àwọn òrùka náà jọ. "Ẹ̀kọ́ ilé ló pa wọ́n, Baba."

Ṣẹ́gilọlá kó àwọn òrùka padà sínú àpò.

"Èyí tó kù nínú igbó wa ò pé ogójì mọ́. A ti lé àwọn olè náà kúrò lápá ibí, a ò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà. Nítorí náà, ọjọ́ kẹrin òní la máa ṣí ilẹ̀kùn yín. Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tọ́ wọn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ìdánwò ìpè. Wákàtí kan gbáko, pẹ̀lú ohùn èèyàn. Bí ẹyọ kan bá wá, gbogbo wọn la máa kó lọ sí Ilé Ìwòran, torí pé wọ́n ti jọ gbé."

"Ọ̀rọ̀ wo ni kí n fi pè wọ́n, ọ̀gá?"

"Èyí tó bá wù yín. Òfin ò yan ọ̀rọ̀."

Nígbà tí Ṣẹ́gilọlá lọ wo odi ọgbà, Ìbíyẹmí kò lè jókòó. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún rìn dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́wọ́ nísinsìnyí, ẹyẹ méjìlá kò ní í mọ igbó láéláé. Bí ó bá dákẹ́, Àwẹ̀ró á lọ, á máa kì ara rẹ̀ lórí igi láàárọ̀, Apèyẹ á gbọ́ ọ, á kọ́ ọ, á sì fi pe òun àti mọ́kànlá yòókù sínú àwọ̀n. Ibi yòówù kó yà sí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń bá pàdé. Inú ń bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó fi ọwọ́ lu ògiri.

"Fi ògiri ìjọba sílẹ̀," ni baba wí. "Jókòó, kí n bi ọ́ léèrè. Ẹyẹ tó ti bọ́ lórí àtè rí, ṣé o mọ̀ pé kì í bà sórí ẹ̀ka yẹn mọ́? O lè fi ẹyìn tó pọ́n jù lọ sí i, kò ní wò ó. Mo mọ̀ ọ́n, torí pé ó ti fi ebi pa mí sùn rí."

"Kí la wá fẹ́ fi àtè kùn, Baba?"

"Ohùn ẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé Àwẹ̀ró padà sí yàrá aláìsàn tí kò ní Etí, baba sì gbé ọ̀pá gígùn kan wọ ibẹ̀. Ó ti ṣá igi lẹ́yìn ọgbà, ó ti gba oje, ó ti sè é títí ó fi ń fà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ náà, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé èyí kò dùn mọ́ ọn. Ó tẹ́ ọ̀pá láti ẹnu àgò ẹyẹ dé ibi tí Ìbíyẹmí jókòó sí, ó fi àtè kun ìdajì rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn Ìbíyẹmí pẹ̀lú aṣọ dúdú kan àti agolo.

Ìbíyẹmí bọ́ ẹ̀wù ewé. Oṣù márùn-ún ni ẹyẹ náà ti ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí ojú rẹ̀ rí.

"Àwẹ̀ró," ó pè é. "Àwẹ̀ró, ìdí pupa bí osùn, ọmọ a-fi-ẹ̀kùrọ́-ṣeré lórí ọ̀pẹ..."

Ẹyẹ náà kò tilẹ̀ fò. Ó sáré ni, ó ń gba orí ọ̀pá bọ̀ gìrìgìrì, ó ń mi ìrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀. Ó fà á, kò yọ. Baba ju aṣọ dúdú bò ó, ó sì ń lu agolo lé e lórí. Ẹyẹ náà ké bí ẹni tí wọ́n ń pa, Ìbíyẹmí sì dákẹ́.

Ọwọ́ baba yọ síwájú rẹ̀, ìka mẹ́ta ń jó níwájú ẹnu: má dákẹ́. Ó yé e. Bí ohùn bá dákẹ́ nígbà tí oró bẹ̀rẹ̀, ẹyẹ náà á rò pé ọ̀tọ̀ ni ohùn, ọ̀tọ̀ ni oró. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn pa pọ̀. Ìbíyẹmí kì ẹyẹ náà dé òpin, ó tún un kì, ó tún un kì lẹ́ẹ̀kẹta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí àyà. Lẹ́yìn náà ni baba wọ ẹ̀wù ewé, ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó sì fi òróró yọ ẹsẹ̀ ẹyẹ náà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìbíyẹmí ti jáde lọ.

"Mo kórìíra yín, Baba," ló wí ní ilé ọ̀rọ̀.

"Kò burú. Kí ẹyẹ yẹn ṣáà kórìíra ìwọ náà, iṣẹ́ ti parí."

Ọjọ́ kejì ìyẹn ló burú jù. Ó pè é, ẹyẹ náà kò kúrò lójú kan. Ó tún pè é, ó fi adùn sí i, nítorí pé Apèyẹ náà yóò fi adùn sí i. Ẹyẹ náà gbọn ìyẹ́, ó wo ọ̀pá, ó wo obìnrin náà, ó sì tún wá. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ojú rẹ̀ rí, ó tún wá. Títí di òní, Ìbíyẹmí kì í lè sọ ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn tán.

Lọ́jọ́ kẹta, ó pè é títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ẹyẹ náà fara mọ́ igun àgò, ó wú ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sókè, ó sì ń fín sí i bí ejò.

"Ṣé ó ti gbọ́n báyìí?" ló bi baba nílé ọ̀rọ̀.

"Yàrá kì í ṣe igbó. Nínú igbó, ebi á pa á, ibẹ̀ á ṣàjèjì sí i, á máa wá ẹni tó mọ̀. Ìgbà yẹn la máa mọ̀." Baba fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbọ́. Lọ́la, 'ẹ wá, ẹ wá jẹun' ni kó o pè. Wọn ò ní wá. Ọmọbìnrin yẹn á kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ, a ó máa bá iṣẹ́ wa lọ. Bí o bá kì í lójú ẹ̀, o ti fẹnu ara ẹ jẹ́wọ́ nìyẹn. O ò ní wọ ọgbà ẹyẹ kankan mọ́ láyé ẹ."

"Bí mo bá pe 'ẹ wá', ta ló máa mọ̀ bóyá ó ti gbọ́n?"

Baba wo ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Apèyẹ á mọ̀," ni Ìbíyẹmí wí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìrì ṣì wà lórí ewé nígbà tí wọ́n ká àwọ̀n sókè. Àwọn ẹyẹ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n bà sórí àràbà ńlá tó wà létí igbó, wọ́n ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, Àwẹ̀ró, ló kẹ́yìn. Ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan nínú oòrùn, ó sì bà lé ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Ṣẹ́gilọlá gbé aago sórí kùkùté igi, ó mú kálàmù. Baba Ọláṣebìkan dúró lókèèrè, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìbíyẹmí bọ́ ẹ̀wù ewé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ wá o! Ẹ wá, ẹ wá jẹun!"

Àwọn ẹyẹ náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún pè wọ́n. Ṣẹ́gilọlá ń kọ̀wé, ó tilẹ̀ ń fi orí dáhùn pé ó dára. Iṣẹ́ rọrùn. Ó pè wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pè wọ́n fún ogún. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ń wo ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí wákàtí yìí bá parí báyìí, lálẹ́ òun á sùn sórí ibùsùn òun, lọ́la òun á tún fọ abọ́, wọ́n á sì gbé ẹyin tuntun fún òun. Tí ó bá wá di oṣù tó ń bọ̀, ẹnì kan á da òrùka méjìlá sórí tábìlì.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó pè é. "Àwẹ̀ró, ìdí pupa bí osùn, ọmọ a-fi-ẹ̀kùrọ́-ṣeré lórí ọ̀pẹ. Dìde o, jẹun o, ilẹ̀ ti mọ́..."

Kálàmù Ṣẹ́gilọlá dúró. "Àǹtí. Ta ló ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

Ìbíyẹmí ń kì í lọ. Lórí àràbà, ẹyẹ kan ti yíjú. Ó rìn dé ṣóńṣó ẹ̀ka náà, ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, ó na ọrùn sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ìbíyẹmí rí ojú rẹ̀ kedere. Mi ò ní í purọ́ fún yín: nígbà náà, ó fẹ́ kó wá. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ pé kó wá. Síbẹ̀ kò bu omi lu ohùn náà, nítorí pé ìpè tí a bá fi ẹ̀tàn pè kì í ṣe ìdánwò. Ó kì í bí ó ṣe kì í nígbà tó ń kú lọ, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹyẹ náà gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ló ké, igbe kan tí kò jọ ti èèyàn rárá, ó sì fò. Àwọn mọ́kànlá yòókù gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ̀ lé e. Ewé mì díẹ̀ níbi tí wọ́n gbà wọ igbó.

Ṣẹ́gilọlá yíjú sí Ìbíyẹmí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, Àǹtí."

"Èmi ni."

"Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nípa yín."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Ẹ kọ ọ́. Àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Ẹ pè wọ́n, wọn ò wá. Ohun tí mo máa kọ nìyẹn." Ohùn ọmọbìnrin náà ti rọ̀. "Ẹ dákẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti jìnnà."

"Wákàtí kan lòfin wí," ni Ìbíyẹmí fèsì.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Ó kọjú sí igbó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ó ń pè é pẹ̀lú gbogbo adùn tó wà lọ́fun rẹ̀, bí ó bá sì ti dúró láti mí, a máa bẹ Ọlọ́run pé kí ẹyẹ náà má dáhùn.